Ọlá Rótìmí: Olùkọ́ Tí Ó Sọ Àgbàlá Di Ilé-Ẹ̀kọ́ Eré

Nígbà tí ọdún Kérésìmesì bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tàbí tí ìparí ọdún ẹ̀kọ́ bá ń súnmọ́, ṣàṣà ni ilé-ìwé ìjọ ní Èjìgbò, ní Ọ̀là tàbí ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn tí kì í kó àwọn ọmọ jọ láti ṣe eré. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni ẹ ti fi aṣọ ìbora ìyá yín ṣe ẹ̀wù olùṣọ́-àgùntàn rí, tí ẹ sì ti fi òwú ṣe irùngbọ̀n Ọba Hẹ́rọ́dù. Lẹ́yìn eré, àwọn òbí a pàtẹ́wọ́, wọn a rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà a sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá padà wálé tí ó ní iṣẹ́ tí òun fẹ́ fi ayé òun ṣe nìyẹn, ẹ̀rín a tán lẹ́nu gbogbo ilé. Baba a béèrè pé kí ni a ń kọ́ nínú eré tí ènìyàn ní láti lọ sí ilé-ìwé fún. Ìyá a béèrè pé ta ni ó ti inú rẹ̀ di ènìyàn rí.

Ìbéèrè gidi ni ìbéèrè méjèèjì, wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fọwọ́ rọ́ tì. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a rántí ìgbésí ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n Emmanuel Gladstone Ọláwálé Rótìmí, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ọlá Rótìmí, nínú ìwé àyájọ́ ilé-ìwé wa yìí. Kì í ṣe ọmọ Èjìgbò, a kò sì bí i sí ilẹ̀ Ọ̀ṣun. Ṣùgbọ́n Ilé-Ifẹ̀ tí kò jìnnà sí wa ni ó ti ṣe apá tí ó lókìkí jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ó sì padà sí kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ó jẹ́ òǹkọ̀wé eré, ó jẹ́ olùdarí eré, ó jẹ́ olùkọ́ àwọn òṣèré, ó sì jẹ́ onímọ̀ tí ó ronú jinlẹ̀ lórí ohun tí eré jẹ́ fún àwa ènìyàn dúdú. A máa ń rí ẹni tí ó mọ ọ̀kan nínú iṣẹ́ mẹ́rin yìí dáadáa. Ẹni tí ó so wọ́n pọ̀, tí ọ̀kan kò sì pa èkejì lára lọ́wọ́ rẹ̀, kò wọ́pọ̀ rárá.

A bí Ọlá Rótìmí ní Sapele ní ọjọ́ 13, oṣù kẹrin, ọdún 1938. Yorùbá ni baba rẹ̀, Samuel Gladstone Ẹnitàn Rótìmí, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi. Ọmọ ẹ̀yà Ijaw ni ìyá rẹ̀, Dorcas. Kí ẹ̀yin òbí kíyè sí èyí dáadáa: ẹlẹ́rọ tí ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe ní ọ̀sán ni baba yìí, síbẹ̀ ó ń kó àwọn ènìyàn jọ, ó sì ń darí eré fún ìgbádùn ara rẹ̀ àti ti àwọn aládùúgbò. Ìyá náà fẹ́ràn eré tọkàntọkàn. Ọmọ náà kò tíì dàgbà púpọ̀ tí ó ti bá ara rẹ̀ lórí ìtàgé. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó ní láti wá sọ fún un pé iṣẹ́ ọwọ́ àti eré kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ó ti rí méjèèjì nínú ilé kan ṣoṣo. Bákan náà ni ó ti gbọ́ èdè tí ó ju ẹyọ kan lọ láti kékeré, nínú ilé àti ní ìgboro. Ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ nígbà náà kò kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀ títí ó fi kú.

Ó ka ìwé ní Port Harcourt àti ní Èkó. Ní Èkó, ilé-ìwé ìjọ ni ó wọ̀, ìyẹn ilé-ìwé gíga àwọn ọmọkùnrin ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, láti ọdún 1952 títí di ọdún 1956. Kò yani lẹ́nu pé irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ lè tọ́ òṣèré. Bí a bá wo ìtàn eré ìgbàlódé nílẹ̀ Yorùbá, inú ìjọ ni a ó ti bá ọ̀pọ̀ gbòǹgbò rẹ̀. Ìtàn inú Bíbélì ni Hubert Ògúndé fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1944, nígbà tí ó ṣe eré nípa ọgbà Édẹ́nì fún ìjọ Aládùúrà ní Èkó. Kọ́lá Ògúnmọ́lá jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé kí ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Dúró Ládiípọ̀ ní Òṣogbo náà jẹ́ olùkọ́, orin tí ó ṣe fún ìjọ sì wà lára ohun tí ó kọ́kọ́ mú kí àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Orin ìjọ, ìwé Bíbélì àti yàrá ìkàwé ni àwọn àgbà wọ̀nyí gbà dé orí ìtàgé.

Ní ọdún 1959, Ọlá Rótìmí rékọjá sí Amẹ́ríkà. Ó kọ́ nípa eré ní Yunifásítì Boston, lẹ́yìn náà ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ eré ti Yunifásítì Yale, níbi tí ó ti gba oyè kejì ní ọdún 1966. Ìrànwọ́ owó láti ọwọ́ àjọ Rockefeller ni ó fi kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ní Boston ni ó ti pàdé Hazel Mae Gaudreau, ọmọbìnrin aláwọ̀ funfun tí ń kọ́ nípa orin kíkọ. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1965. Arábìnrin yìí bá a padà wá sí Nàìjíríà, ó sì di alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ nínú eré àti orin fún nǹkan bí ọdún 35. Ní Yale ni wọ́n ti gbé eré rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Our Husband Has Gone Mad Again jáde, àwàdà nípa sójà àtijọ́ kan tí ó fẹ́ di olóṣèlú, tí ìyàwó tí ó fẹ́ lókè òkun kò sì mọ̀ pé àwọn orogún wà nílé. Àwọn òyìnbó rẹ́rìn-ín, wọ́n sì yẹ́ eré náà sí. Ó ṣeé ṣe fún un láti jókòó sí ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1966 kan náà, ó padà wálé.

Yunifásítì Ifẹ̀ ni ó gbà á sí ẹ̀ka tí ń ṣe ìwádìí nípa ilẹ̀ Áfíríkà. Iṣẹ́ ìwádìí ni wọ́n pè é sí. Ó lè jókòó sínú ọ́fíìsì, kí ó máa kọ ìwé nípa eré fún àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ láti kà. Ọ̀nà mìíràn ni ó gbà. Ní ọdún 1968, nígbà tí Michael Crowder jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka náà, wọ́n dá ibùdó àṣà kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Orí Olókun. Wọn kò kọ́ ọ sínú ọgbà Yunifásítì. Àárín ìlú Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n gbé e sí, nínú ilé tí ó ní àgbàlá, kí ará ìlú lè rìn wọlé láìbẹ̀rù ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Akin Euba ń bójú tó orin níbẹ̀, Peggy Harper ń bójú tó ijó, Ọlá Rótìmí sì ń bójú tó eré.

Níhìn-ín ni a ti rí ohun tí ó mú kí ọkùnrin yìí yàtọ̀. Ṣáájú rẹ̀, ọ̀nà méjì ni òṣèré ń gbà kọ́ iṣẹ́ nílẹ̀ wa. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti ìdílé àti ti ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò. Bí ó ti rí láàrin àwọn aláàrìnjó láyé àtijọ́, ọmọ a máa tẹ̀lé baba rẹ̀ láti ìlú dé ìlú, a gbé ẹrù, a lùlù, a wo bí àgbà ti ń ṣe, títí ara rẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó láti ṣàlàyé. Ẹgbẹ́ Ògúndé àti ti Ládiípọ̀ náà gba ọ̀nà yìí. Òṣèré tí ó ti ibẹ̀ jáde kì í bẹ̀rù èrò, ohùn rẹ̀ kì í sì í tètè há. Ọ̀nà kejì ni ti yàrá ìkàwé: a ka ìwé eré, a jíròrò lórí rẹ̀, a kọ ìdánwò. Ẹni tí ó ti ibẹ̀ jáde lè ṣàlàyé eré fún wákàtí méjì, ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ó rìn bí ọba láti ẹnu ọ̀nà dé orí ìtẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè máa gbọ̀n.

Ọlá Rótìmí kò gbà pé dandan ni kí a yan ọ̀kan. Nínú àgbàlá Orí Olókun, ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn òṣìṣẹ́ Yunifásítì, onílù àti ará ìlú pọ̀ sójú kan. Ẹni tí ó mọ̀wé kọ́ bí a ti ń fi ara sọ̀rọ̀, ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ ijó kọ́ bí a ti ń ka ìwé eré kí a sì mọ ìdí tí ẹnì kan fi dìde tàbí tí ó fi dákẹ́. Jimi Solanke àti Peter Fátómilọ́lá wà lára àwọn tí iṣẹ́ wọn gba inú àgbàlá náà kọjá, tí gbogbo ilẹ̀ yìí sì wá mọ̀ wọ́n lórí ìtàgé, nínú fíìmù àti lórí tẹlifíṣọ̀n. Kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìdánrawò, ó sì le lórí àkókò. Lójú rẹ̀, ẹni tí ó pẹ́ dé ti gbà lára àkókò àwọn yòókù. Ìbáwí yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ òbí rò pé kò sí nínú eré. Kò sí iṣẹ́ tí ogójì ènìyàn lè jùmọ̀ ṣe lálẹ́ kan, níwájú èrò, láìsí pé olúkúlùkù mọ àyè rẹ̀, kí ó sì dúró tì í.

Nínú ọdún 1968 yẹn ni Orí Olókun gbé The Gods Are Not to Blame jáde. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ mọ ìwé náà dáadáa nítorí ìdánwò. Ìtàn Ọba Oedipus ni, tí Sophocles ará ilẹ̀ Gíríìkì kọ ní ohun tí ó lé ní ẹgbàá ọdún sẹ́yìn, tí Rótìmí sì gbé wọ inú ìlú Yorùbá kan. Ọdéwálé ni a sọ àsọtẹ́lẹ̀ lé lórí nígbà tí a bí i pé yóò pa baba rẹ̀, yóò sì fi ìyá rẹ̀ ṣe aya. Wọ́n ní kí a lọ pa á, ẹni tí a fi iṣẹ́ náà rán kò pa á, ọmọ dàgbà sí ilẹ̀ òkèèrè, ohun tí a sá fún sì ṣẹ. Ẹ rántí pé ogun abẹ́lé Nàìjíríà ń jà lọ́wọ́ nígbà náà. Nínú eré Gíríìkì, àyànmọ́ ni ó wúwo jù. Nínú ti Rótìmí, ìbínú gbígbóná àti ẹ̀tanú ẹ̀yà ni ó sún Ọdéwálé gbé ọwọ́ sókè: wọ́n kẹ́gàn ibi tí ó ti wá, kò sì lè gbà á mọ́ra. Ohun tí àkọlé ìwé náà ń sọ fún ọmọ Nàìjíríà ni pé kí ó má ṣe di ẹ̀bi ìparun ilẹ̀ rẹ̀ ru àwọn alágbára ayé tàbí àwọn ẹni àìrí, nígbà tí ìkórìíra aládùúgbò ti fi inú ọkàn tirẹ̀ ṣe ilé. Eré náà gba ẹ̀bùn àkọ́kọ́ nínú ìdíje ìwé ìròyìn African Arts ní ọdún 1969, a sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní ọdún 1971. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ Tiata Fahodzi tún gbé e jáde ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ó tẹ̀lé e pẹ̀lú Kurunmi, eré nípa ogun Ìjàyè. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní ọdún 1859, Àrẹ̀mọ Adélù kò bá baba rẹ̀ kú gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ó gorí ìtẹ́. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kò gbà. Ìbàdàn gbógun ti Ìjàyè, ìlú náà sì tú ní ọdún 1862. Rótìmí kò sọ ẹnikẹ́ni di áńgẹ́lì nínú ìtàn náà. Ó jẹ́ kí òǹwòran rí bí ọkùnrin kan ṣe lè dúró lórí òtítọ́ tí ó dá a lójú, kí agídí rẹ̀ sì sin odidi ìlú lọ sí ìparun. Lẹ́yìn èyí ni ó ṣe Ovonramwen Nogbaisi, nípa ọba Ìbíní tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣí nípò ní ọdún 1897.

Ẹni tí ó bá ka àwọn eré wọ̀nyí yóò rí i pé ọ̀pọ̀ èrò ni ó máa ń wà nínú wọn: ará ìlú, jagunjagun, aláìsàn, ọlọ́jà. Kì í kó wọn síbẹ̀ kí ìtàgé lè kún lásán. Ìlú fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá eré náà. Ó ń bínú, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń yí ọkàn padà. Níhìn-ín ni tíọ́rì rẹ̀ wà, kó tó di pé ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀mọ̀wé. Ó gbà pé eré ilẹ̀ Áfíríkà kì í ṣe ohun tí àwọn díẹ̀ ń ṣe nínú ìmọ́lẹ̀ kí àwọn yòókù máa fojú jìnnà wò ó nínú òkùnkùn. Àwa tí a dàgbà sí agbègbè yìí kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Bí ìgbàgbọ́ wa tilẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn tí ń bọ Ògìyán, kò sí ọmọ Èjìgbò tí kò mọ bí ọdún náà ti rí, nígbà tí ìhà méjì ìlú bá ń fi ọ̀rẹ́ àtòrì na ara wọn. Níbo ni òṣèré parí sí níbẹ̀, níbo sì ni òǹwòran ti bẹ̀rẹ̀? Irú ìsúnmọ́ra bẹ́ẹ̀ ni Rótìmí ń wá. Ohun tí ó mú kí ó fẹ́ àgbàlá ju gbọ̀ngàn olórí ìtàgé gíga lọ nìyẹn. Òṣèré tí a sì fẹ́ lò ní irú ibẹ̀ kò lè jẹ́ ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ sórí nìkan. Ó gbọ́dọ̀ lè kọrin, kí ó jó, kí ó gbọ́ ohun tí ìlù ń wí. Èrò inú rẹ̀ ni ó yan irú ìtàgé, irú ìtàgé ni ó yan irú ẹ̀kọ́ tí òṣèré yóò gbà, ohun tí ó sì rí lójú ìdánrawò a tún padà wá tún èrò náà ṣe.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó yìn ín. Àwọn kan béèrè pé èé ṣe tí ọmọ Yorùbá yóò fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ eré nípa Ìjàyè, nígbà tí Ládiípọ̀ ti fi èdè Yorùbá gba oríyìn dé ilẹ̀ Jámánì. Àwọn mìíràn ní òwe ti pọ̀ jù lẹ́nu àwọn ẹ̀dá inú eré rẹ̀, tàbí pé ẹ̀tanú ẹ̀yà kò bá ìtàn àyànmọ́ mu nínú The Gods Are Not to Blame. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí, ó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìdáhùn tirẹ̀ ni pé orílẹ̀-èdè tí èdè rẹ̀ pọ̀ tó báyìí nílò ohun tí gbogbo ènìyàn lè gbọ́, àti pé ojúṣe òǹkọ̀wé ni láti tẹ èdè Gẹ̀ẹ́sì náà wálẹ̀, kí ó máa mí bí èdè wa, títí ẹni tí kò kàwé púpọ̀ yóò fi lè bá a lọ. Ó kọ Grip Am ní èdè Gẹ̀ẹ́sì adàlúdàpọ̀ tí à ń gbọ́ lọ́jà. Ní ọdún 1991, nígbà tí ó ń sọ àsọyé gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Port Harcourt, orí ìbéèrè yìí kan náà ni ó dúró lé: kí ni ó ń sọ eré di ti Áfíríkà, èdè wo ni ó sì yẹ kí ó sọ?

Ní ọdún 1977 ni ó ti fi Ifẹ̀ sílẹ̀ lọ sí Port Harcourt, ìlú tí ó ti ka ìwé ní kékeré. Ibẹ̀ ni ó ti ṣe eré tí ó yẹ kí gbogbo ilé-ìwé ìjọ mọ̀, Hopes of the Living Dead, tí ó jáde lórí ìtàgé ní ọdún 1985. Ìtàn Ikoli Harcourt Whyte ni, ọmọ Abonnema tí ẹ̀tẹ̀ bá láti kékeré. Láàrin ọdún 1928 sí 1932, ìjọba fẹ́ lé àwọn adẹ́tẹ̀ kúrò ní ilé ìwòsàn Port Harcourt. Àwọn aláìsàn náà, tí wọ́n wá láti oríṣiríṣi ẹ̀yà, fìmọ̀ ṣọ̀kan, wọ́n sì kọ̀ láti túká bí ẹran tí kò ní olùṣọ́, títí a fi ṣètò ibùdó fún wọn ní Uzuakoli. Harcourt Whyte di ìlú-mọ̀ọ́ká nínú kíkọ orin ìjọ ní èdè Igbo. Lórí ìtàgé, Rótìmí jẹ́ kí olúkúlùkù aláìsàn sọ èdè tirẹ̀, ẹlòmíràn a sì máa túmọ̀ fún ẹnìkejì. Èdè tí ó lé ní mẹ́wàá ni ó dún níbẹ̀ lálẹ́ kan ṣoṣo. Àwọn tí ayé ti kà sí òkú ni ó fi kọ́ àwa tí a pe ara wa ní alààyè bí a ti ń gbọ́ ara wa yé. Ọmọ Yorùbá àti Ijaw tí ó gbọ́ èdè púpọ̀ nínú ilé baba rẹ̀ ni ó gbé ohun tí ó gbọ́ náà padà fún orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Lẹ́yìn Port Harcourt, ó kọ́ni fún ìgbà díẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Macalester, kí ó tó padà sí Ilé-Ifẹ̀, sí Yunifásítì tí orúkọ rẹ̀ ti di Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, Hazel aya rẹ̀ ṣaláìsí. Kò pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ, òun náà tẹ̀lé e. Ẹni ọdún 62 ni.

Ìwé eré rẹ̀ wà lórí àtẹ, ẹni tí ó bá fẹ́ lè rà wọ́n. Ṣùgbọ́n apá tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó mọ̀ kò sí nínú ìwé. Bí a ti ń dúró, bí a ti ń mí kí ohùn tó jáde, bí a ti ń mú kí ọgbọ̀n ènìyàn ronú bí ìlú kan, inú ara àwọn tí ó kọ́ ni ó fi nǹkan wọ̀nyí sí. Bí àwọn náà kò bá rí ẹni tí wọn yóò kọ́, yóò bá wọn wọlẹ̀. Ewu ibẹ̀ nìyẹn, ó sì kan ilé-ìwé wa gbọ̀ngbọ̀n. Olùwa tí ó pín tálẹ́ńtì kò yọ ti òṣèré sọ́tọ̀ pé kí a rì í mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, bí ẹ ti ń kó owó jọ fún òrùlé àti tábìlì, ẹ rántí ẹgbẹ́ eré ilé-ìwé pẹ̀lú. Kò béèrè ju àgbàlá kan, ìlù díẹ̀ àti olùkọ́ tí a fún ní àyè àti àkókò. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ní eré ni òun fẹ́ kọ́, ẹ bi í bóyá ó ti ṣetán láti tètè dé, láti ka ìwé, láti fi ara ṣiṣẹ́ àti láti gbọ́ràn sí ẹlòmíràn lẹ́nu. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kí ó lọ. Ẹlẹ́rọ kan ní Sapele jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ, a kò sì tíì jẹ èrè rẹ̀ tán títí di òní.